Iná Ẹni Ńlá Lẹ́yìn Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ohun tó ń rí mi lára l'Ékòó pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó iná hàsáàdì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Hàsáàdì ni iná tó máa ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà bí ọkọ̀ bá kú sójú títì, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé wàhálà wà níwájú. Ní Alímọ̀ṣọ́ níbí, a ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Awakọ̀ á dé oríta, kò ní yà sọ́tùn-ún, kò ní yà sósì, á wá tan hàsáàdì pé ọ̀ọ́kán tààrà lòun ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń fara dà á.

Ó wá gbé ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀ lọ bá rìwáyà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ó ní kó yí bí iná náà ṣe ń ṣẹ́jú padà. Ó fẹ́ kó máa ṣẹ́ wìrìwìrì, pá-pá-pá, kó sinmi, kó tún bẹ̀rẹ̀, bíi ti kọ́nfọ̀ì, àwọn ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé olóṣèlú. (Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni, "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, "ó" ni yóò máa jẹ́.) Ìyá wa, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ n'Íjẹ̀gùn, fọwọ́ bojú.

"Kí lèyí? Ó ń kọ mànà sí mi lójú."

"Màámi, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá ti rí iná yìí, wọ́n á yà fún wa ni ṣá."

Wọ́n sì ń yà lóòótọ́! Akọ̀wé ni ẹ̀gbọ́n mi níbi tí wọ́n ti ń ta táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé. Síbẹ̀, ọlọ́kadà á bọ́ sínú ẹrẹ̀ fún un, òun á sì gbọ́wọ́ sókè lójú fèrèsé bí ẹni ń kí ará ìlú. Èmi á forí pamọ́ níbi tí mo jókòó sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ nǹkan yìí." Ó ní ìlara ló ń ṣe mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tójò ń rọ̀, ikọ́ sémìísémìí dìde sí Màámi. Oògùn tí wọ́n máa ń fà sẹ́nu ti tán. A gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọ̀nà ọsibítù n'Ígándò. Bí a ṣe kọjá ráńdàbáọ̀tù Ìkọ̀tún báyìí, ọkọ̀ kú fin-ín láàárín títì. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ hàsáàdì. Pá-pá-pá.

Gbogbo ọkọ̀ ń yà kọjá, kò sí ẹni tó dúró. Mo bọ́ sínú òjò, mo ń bẹ àwọn ọkùnrin kan tó wà lábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n wá bá wa tì í. Ọ̀kan nínú wọn fọhùn.

"Ẹ jẹ́ kí kọ́nfọ̀ì yín wá tì yín jàre! Àbí ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń lé wa sínú gọ́tà, ṣé ẹ̀ ń bẹ̀ wá?"

"Kì í ṣe ẹni ńlá o, akọ̀wé ni!" Bí mo ṣe ké nìyẹn. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Màámi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ètè wọn ti ń ṣú. Mo nawọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, mo pa iná burúkú náà fúnra mi. Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi dúró, awakọ̀ rẹ̀ sì yọrí.

"Ẹ̀yin lẹ wà níbí látàárọ̀? Mo ti kọjá yín lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ẹ̀ ń dúró de ọ̀gá yín ni. Ẹ gbé ìyá wá kíá!"

Èmi àti Màámi la bá kẹ̀kẹ́ lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi dé ọsibítù, omi ń jò lára rẹ̀, wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí Màámi nímú. Mo rò pé yóò dọ̀bálẹ̀.

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Mo ti pe rìwáyà. Ó máa fi bọ́tìnnì kejì sí i. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wà fún ìrìn àjò, èyí tuntun á wà fún ìgbà tí wàhálà bá dé lóòótọ́."

Màámi yí orí sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n gbé rọ́bà imú wọn kúrò díẹ̀.

"Ṣé o gba nọ́ńbà oníkẹ̀kẹ́ yẹn?"