Ìlà Tí A Tò Nítorí Nọ́ńbà Mẹ́fà

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa eruku pápá wa, ni mo rí ìdáṣẹ́sílẹ̀ kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo ń kọ èyí sí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi gbogbo agbára mi ṣe ní Ṣómólú, mo sì pẹ́ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ débi pé àwọn ará àdúgbò ti gbàgbé orúkọ mi. Bàbá Kọ́múréèdì ni wọ́n ń pè mí. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, nítorí owó oògùn, àní nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn. Ti nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ ni n kò rí rí.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Abúlé Òkúta lọ̀rọ̀ kàn. Gàníyù, adìlémú wa tó ń wọ nọ́ńbà mẹ́fà, ló kú lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, a ò sì kà á sí bàbàrà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bí a ṣe sin ín tán, Alága ẹgbẹ́ kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ nọ́ńbà mẹ́fà mọ́ láéláé. Ó ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lókè òkun. Ó ní àwọn yóò fi gíláàsì bo jẹ́sì náà, àwọn yóò sì gbé e kọ́ sára ògiri ilé ọtí òun ní Pedro kí gbogbo èèyàn lè máa wò ó.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ pápá, gbogbo wọn wọ jẹ́sì lódì, kò sí nọ́ńbà lẹ́yìn ẹnì kankan. Rẹfirí wò wọ́n títí.

"Ta ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ tí mo bá fún èèyàn ní káàdì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe bí ìbejì mọ́kànlá yìí?"

Ó ki fèrè rẹ̀ bọ àpò, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo pe Fẹ́mi, adìlémú tí nọ́ńbà náà kàn lẹ́yìn Gàníyù.

"Fẹ́mi, ṣé aṣọ lásán lẹ torí ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀?"

"Kì í ṣe aṣọ lásán, sà. Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù náà gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e pamọ́, ta ni Làmídì fẹ́ máa kì?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi ronú. Àṣà kan wà ní pápá wa tí n kò rí níbòmíràn: nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ní oríkì tirẹ̀. Làmídì, tó ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé, ló máa ń kì wọ́n láti orí ọ̀kan dé mọ́kànlá kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti kì nọ́ńbà ẹnì kan, onítọ̀hún a sáré wọ pápá. Orúkọ gbogbo àwọn tó ti wọ aṣọ náà rí ló sì ń wà nínú oríkì ọ̀hún. Ti mẹ́fà lọ báyìí:

Mẹ́fà, adènà má tòògbé,
Aṣọ Táyélolú, aṣọ Ràfíù,
Aṣọ Gàníyù tó ń gba bọ́ọ̀lù láìtẹ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀.

Mo wá fẹ́ mọ̀: àwa tí a ń sọ ọmọ ní Babátúndé bí bàbá àgbà bá kú, ṣé àwa náà la ó máa ti nọ́ńbà mọ́ inú gíláàsì? Àmọ́ mi ò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Mo lọ bá ìyàwó Gàníyù, Ìyá Mòrẹ́nikẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Bàrígà. Kò jẹ́ kí n jókòó tán.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò lè máa wo ẹ̀yìn ẹlòmíì nínú aṣọ ọkọ mi. Kí wọ́n gbé e kọ́. Tí wọ́n bá ń rí i lára ògiri, wọn ò ní gbàgbé ẹ̀."

Ẹ̀rù ń bà á pé a ó gbàgbé ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí wọra.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù ò padà sí pápá títí Alága fi gbà pé kí ẹgbẹ́ dìbò, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láàárín wa. Ìlà ló ní ká tò. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé nọ́ńbà náà kọ́, kó tò sẹ́yìn Ìyá Mòrẹ́nikẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa wọ̀ ọ́, kó tò sẹ́yìn Fẹ́mi. Mo dìde.

"Alága, ẹ jẹ́ ká fi bébà dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Ta ló fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí opó níṣojú ẹ̀?"

"Kọ́múréèdì, ẹ tún ti dé. Olóòótọ́ ò bẹ̀rù ìlà."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, Alága. Nílé ìtẹ̀wé, tí ọ̀gá bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n wá ní ká nawọ́, ọwọ́ ta lẹ fẹ́ rí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì to ìlà bí Alága ṣe wí. Aṣọ́lé wa, tó jẹ́ pé òun gan-an ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí wọ́n wọ jẹ́sì lódì, ń bọ̀ wá sẹ́yìn Fẹ́mi. Ó rí Ìyá Mòrẹ́nikẹ́ tó ń fi ìborùn nu ojú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe. Ìlà opó gùn dé ẹnu ọ̀nà pápá. Èmi, Làmídì àti ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ la wà lẹ́yìn Fẹ́mi. N kò bínú sí aṣọ́lé. Àánú ló bá a dìbò.

Nígbà tí a tún gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n fún Ìyá Mòrẹ́nikẹ́ ní àga níwájú. Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, wọ́n sì ń sáré wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kì márùn-ún, ó sì bọ́ sórí méje. Ìyá Mòrẹ́nikẹ́ dìde.

"Làmídì, o fo ọkọ mi."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Nọ́ńbà tí kò lẹ́ni tó máa jáde, mi ò lè kì í."

Ìyá Mòrẹ́nikẹ́ gbé ohùn sókè, òun fúnra rẹ̀ kì mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orí ọkọ rẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí ibi tí wọ́n ń gbà wọ pápá. Kò sẹ́ni tó jáde.

Ẹ ó bi mí pé kí la jèrè. Tẹ́lẹ̀, Alága nìkan ló ń pàṣẹ. Ní báyìí, kò jẹ́ yí nǹkan kan padà láìbi ẹgbẹ́, èyí kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. A pàdánù nọ́ńbà mẹ́fà, ìfẹ́ ló sì gbà á lọ́wọ́ wa, èyí tó ṣòro láti bá jà ju ìkà lọ. A ṣì jẹ ara wa ní ìbò kan tí a ó fi bébà dì, àmọ́ Alága ní ohun tí a ti pinnu, a ti pinnu. Mi ò sì lè sọ pé àwọn ará òkè òkun ṣìnà. Bóyá nọ́ńbà tiwọn ò ní oríkì, ògiri nìkan ni wọ́n ní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Mòrẹ́nikẹ́ wá bá mi nílé.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gíláàsì yẹn, kí Fẹ́mi wọ̀ ọ́, kó fi yí ẹrẹ̀. Tó bá dọ̀tí, kó gbé e wá fún mi. Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́."