Àgbà Tí Kò Dáhùn

Òórùn iyanrìn gbígbóná ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta alángbá ní Woolwich ló rán mi létí ọ̀sán tí Daddy mú èmi àti Grandma lọ wo ejò àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀yà Maasai ní mùsíọ̀mù kan.

Lẹ́yìn àwọn ejò, a bá ère ìyá arúgbó kan níjòókòó, ìlẹ̀kẹ̀ yí i lọ́rùn ká. Grandma fi orúnkún tó ń dùn wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

Wọ́n ń retí èsì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Daddy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sí ìyá wọn létí:

"Wọ́n ní ẹ kú àbọ̀, Mummy. Wọ́n ní kẹ́ ẹ dìde."

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé iyè Grandma ti ń ra.

Títí a fi délé ní Thamesmead, ọwọ́ ìyá wọn ni Daddy dì mú, kì í ṣe tèmi.