Àpò Tó Ti Làìbéríà Dé

Bí òórùn obì tútù bá ta sí mi nímú, ọ̀sán ọjọ́ kan nílé wa ní Ṣàgámù ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Èmi àti Màmá Àgbà ń bó obì lọ́wọ́ nígbà tí sójà òfurufú méjì gbé àpò Bọ̀dá Túndé wọlé. Bọ̀dá ni àbíkẹ́yìn Màmá. Bàálù ogun ló ń wà ní Làìbéríà. Mo sáré lọ pàdé rẹ̀ lójúde. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

"Ẹni tó ni àpò ńkọ́?" Màmá bi wọ́n.

"Màmá, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."

Màmá kò jókòó, wọn ò sì sunkún. Wọ́n tú àpò náà, wọ́n ń gbọn aṣọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn kẹrosíìnì tí bàálù ń lò kún ilé. Èmi náà bá wọn gbọ̀n ọ́n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn sójà ò rí òkú Bọ̀dá gbé wálé.

"Màmá, kí la ń wá?"

"Ọmọ mi."