Orúkọ Tí A Ń Jẹ́ Lóko Òwú

Òórùn ewé òwú tí ìrì rẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó dà bí òórùn aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí kó tó gbẹ tán. Lásìkò ọyẹ́, kí oòrùn tó yọ, èmi, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti máa ń wà lójú ọ̀nà oko wa lẹ́yìn ìlú Datcha, apẹ̀rẹ̀ lórí, ẹsẹ̀ wa tutù.

Níbi tí ọ̀nà ti yà sí oko, ìyá mi á dúró. "Igbó ní etí, kò ní ojú," ni ó máa ń wí. "Orúkọ ló fi ń dá ènìyàn mọ̀." Nítorí náà, a kì í mú orúkọ wa wọ oko. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí a fúnra wa ṣe ni à ń jẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi ń jẹ́ Ọmọge. Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ igi gùn ń jẹ́ Ayaba Ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi tí mo máa ń pẹ́ lẹ́yìn wọn, wọ́n sọ mí ní Ìgbínsáré.

Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì dárúkọ ẹlòmíràn lóko, ẹni tó pè é gbọdọ̀ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó pè é wálé kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń bi mí ohun tí Ìgbínsáré tí mò ń jẹ́ lórí fóònù túmọ̀ sí, orúkọ oko mi ni. Níbi tí n kò bá ti rí ojú àwọn tó ń gbọ́, n kì í lo orúkọ mi.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, n kò tíì wọ ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi, Akú, fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan ìyá mi lọ pọn omi, àwa méjèèjì ń ká òwú. Akú wo inú apẹ̀rẹ̀ mi.

"Ìgbínsáré, ṣé ò ń ká òwú ni àbí ò ń kí i?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Bí gbogbo ayé bá ń ká òwú báyìí, ìhòòhò la ó máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú tèmi, ó sá lọ sí etí igbó. Inú bí mi. Mo fi gbogbo ohùn mi pè é: "Akú!" Orúkọ rẹ̀ gan-an, láìfi ẹ̀gbọ́n kún un.

Ó padà sí ìlà òwú tirẹ̀ létí igbó. Àwọn ẹyẹ dákẹ́, tàbí bóyá wọ́n ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ká òwú lọ.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Mò ń bọ̀," ni ó wí, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n pè láti inú ilé. N kò pè é. Mo gbójú sókè. Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń rìn wọ inú igbó, kò yára, bí ẹni tó mọ ọ̀nà.

Ìyá mi tó ń bọ̀ láti odò ju ìkòkò omi sílẹ̀. Ó sáré, ó gbá a lápá mú.

"Ta ló pè ọ́?"

Akú ṣì ń wo inú igbó. Ìyá mi yíjú sí mi. "Ṣé ẹnì kan dárúkọ rẹ̀ níbí?"

Mo ronú kan pàṣán. "Rárá," ni mo wí.

A fi òwú sílẹ̀, a lọ sílé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo oòrùn títí tó fi wọ̀.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi mú un lọ ṣe ìrìbọmi. Wọ́n sọ ọ́ ní Tèrésà, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ pè é ní Akú mọ́ nínú agbo ilé wa. Síbẹ̀, bó bá ń gún iyán, bó bá ń sọ̀rọ̀, á ṣàdédé yíjú. "Mò ń bọ̀." Ìyá mi á di etí aṣọ rẹ̀ mú títí ìpè náà yóò fi kọjá. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó sì kú láìmọ̀ pé èmi ni.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé, mo sì ń fetí sílẹ̀ ju bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ilẹ̀kùn títì lòun fi ṣe ọkọ. Lẹ́yìn tí mo sin ín, ìdákẹ́jẹ́ ilé náà wá pọ̀ jù fún mi. Lóṣù tó kọjá, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù ní ìlú Elavagnon tó ń gbé.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo dárúkọ yín lóko lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀. Ohùn rẹ ni mo gbọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pè. Mo pa irọ́ fún ìyá wa."

"Rárá, àbúrò. Ìwọ lo pè mí wọ igbó. Ìwọ náà lò ń pè mí títí dòní. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù kì í fi í bà mí."

Ọmọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà rò pé orúkọ ẹ̀gbọ́n òun nìkan ló kù sóko. Èmi ti hu ewú, mo ti di opó ọkùnrin. Ohùn mi tó ṣì ń pè é níbẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, kò sì mọ̀ pé a ti lọ sílé.