Aṣọ Funfun Rámátù àti Omi Òkè-Oyì

Ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí lóṣù tó kọjá, torí inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Iṣẹ́ yíyẹ omi wò ni mò ń ṣe ní láàbù iléèwé kan ní Ìlọrin níbí. Rámátù ọ̀rẹ́ mi, ayàwòrán ni. Òun ló ní ká jọ fi ohun tí ìdọ̀tí wa ń sọ odò dà han aráàlú. Ibi tí mo bá ti bu omi, òun náà á rẹ aṣọ funfun síbẹ̀. Bí odò bá ṣe pa aṣọ láró, á gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ àfihàn pé, ní gbọ̀ngàn kan l'Adéwọlé, gbogbo èèyàn ya lọ sídìí aṣọ Rámátù. Èyí tó rẹ sábẹ́ afárá kan dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n ń bá a ya fótò. Ìwé èsì àyẹ̀wò omi tèmi ńkọ́? Ó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹnì kan tiẹ̀ ti fi àga dí i. Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ wọ odò ni? Owú jẹ mí gan-an.

Ni Ààfáà àgbà kan láti Òkè-Oyì bá dúró níwájú aṣọ kan tó ṣì funfun. Odò àdúgbò wọn ni Rámátù ti rẹ ẹ́. Ó ní, "Alihamudulilaahi. Àwọ̀ ò yí, òórùn ò yí. Omi àlùwàlá wa mọ́ nìyẹn, àwọn ọmọ kéú mi lè máa mu ún lọ."

Rámátù rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀? Omi yẹn gan-an ló burú jù nínú èsì mi! Ìgbẹ́ màlúù àti tèèyàn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lókè, kòkòrò àrùn inú rẹ̀ ò sì ṣeé fojú rí. Ká sòótọ́, ṣèètánì sọ fún mi pé kí n dákẹ́, kí àṣìṣe Rámátù lè hàn fáyé. Àmọ́ inú ta ni yóò máa run? Àwọn ọmọ kéú ni.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu ún o. Ohun tó wà nínú omi yẹn, aṣọ ò lè fi í hàn." Mo fa Bàbá lọ sídìí èsì mi, mo gbé àga kúrò, mo ṣàlàyé. Ó ní kí n wá sọ ọ́ fún jamáà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí Rámátù ṣe. Ó mú ọ̀dà, ó fa ìlà pupa yí etí aṣọ náà ká lójú gbogbo wa, ó ní ewu tí ọ̀rẹ́ òun rí nìyẹn. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún yìn ín!

Mo lọ sí Òkè-Oyì ní Jímọ̀, mo sọ ọ́. Nígbà tí mo padà lọ kí wọn, ìkòkò omi mímu àwọn ọmọ kéú wà lórí iná, ó ń hó. Kò sẹ́ni tó béèrè Rámátù lọ́wọ́ mi níbẹ̀.

Owú ń jẹ mí títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kó máa jẹ mí, kó má ṣáà ti pa mí lẹ́nu dé níbi tí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ewu. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ti gba ìyìn iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.