Ọ̀dùnkún Ìyá Takame

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ohun tó ṣe pàtàkì jù lélẹ̀: Takame ará Sirunki lórí òkè kì í jẹ ọ̀dùnkún láìfẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ì báà ti sùn mọ́jú nínú eérú tútù. Ọkọ rẹ̀, Kipoan, bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Kò tíì rí èsì gbà, ọmọ wọn kẹta sì ti lọ́kọ.

Irú ọ̀dùnkún kan wà lóko Takame tí kò sí lóko ẹlòmíì. Inú rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin. Ìyá rẹ̀ ló fi ìtàkùn rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Obìnrin yòówù tó bá tọrọ rẹ̀, èsì kan náà ni: “Kì í ṣe dáadáa nínú ilẹ̀ ẹlòmíì.” Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń ro.

Lọ́dún kan, òjò kọ̀, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere lálaalẹ́. Takame mọ̀ pé ìrì dídì tó ń pa ìtàkùn ló ń bọ̀. Ó kó koríko gbígbẹ bo orí ebè, ó fi àpò ìrẹsì bo ibi tí koríko kò kárí. Nígbà tó ku ebè kan, ó mú kóòtù tí Kipoan ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì kúrò lórí ìṣó.

“Kí ni kí n wá wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi?”

“Ọlọ́run ti rí ẹ láìwọ kóòtù rí.”

Ọjọ́ mẹ́ta léra ni ìrì fi dì bí iyọ̀ sórí oko. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, gbogbo ìtàkùn ti dúdú títí dé gbòǹgbò, bí ohun tí wọ́n da omi gbígbóná sí, ti abẹ́ kóòtù pẹ̀lú. Jíjẹ kọ́ ni ìṣòro: àwọn àna ń bẹ ní àfonífojì Lai, níbi tí ìrì kì í dì, wọn yóò bọ́ wọn. Gbígbìn ni. Irú tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ti tán, Takame fúnra rẹ̀ ló sì ṣọ́ ọ títí tó fi tán.

Ó fi àpò rẹ̀ tí wọ́n fi okùn hun kọ́ orí, ó fi ọjọ́ méjì rìn lọ sọ́dọ̀ Melita, ẹ̀gbọ́n Kipoan obìnrin, tó ń gbé nísàlẹ̀ ní Lai.

“Ìyàwó wa, ẹ̀yin ará òkè sọ̀kalẹ̀ lónìí. Ilẹ̀ tiwa ti wá dára nìyẹn?”

“Ẹ má bínú, àna mi. Ìtàkùn yòówù tí ẹ bá ní ni mo wá tọrọ.”

Melita wa ọ̀dùnkún kan jáde nínú eérú, ó fi lé e lọ́wọ́. Takame bù ú sí méjì. Inú rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin.

“Àna mi, níbo lẹ ti rí èyí?”

“Oko mi.”

“Kó tó dé oko yín ńkọ́?”

Melita tún iná ṣe. “Nígbà tí mo wá sin bàbá wa ní Sirunki lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ìtàkùn oko rẹ lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀.”

“Ó lọ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀.”

“Ó sì tẹ̀ lé mi délé. O ní kì í ṣe dáadáa nínú ilẹ̀ ẹlòmíì, mo ní kí n wò ó bóyá irọ́ ni.”

Wọ́n jọ lọ sóko. Ogójì ebè, ewé ṣú dẹ̀dẹ̀. Takame gé ìtàkùn títí àpò fi kún. Melita dúró lẹ́nu ọgbà, ó ń retí ọpẹ́. Takame náà dúró, ó ń retí ẹ̀bẹ̀. Ilẹ̀ fẹ́ ṣú mọ́ wọn níbẹ̀.

Ewé tuntun ti bo ebè ní Sirunki báyìí. Obìnrin méje ti gba ìtàkùn lọ́wọ́ Takame, àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ tọrọ kó tó fún wọn. Ṣùgbọ́n títí di òní, nínú òun àti Melita, kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tí ẹnìkejì ń retí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, èwo nínú wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ la ẹnu?