Táyà Tó Pá Látọjọ́ Ìkómọ

Bí ẹ bá dé Rumuokoro lónìí, tí ẹ béèrè olóògbé Adégbóyèga Akínfẹ́nwá lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kẹwàá á ní kí ẹ jẹ́ kí òun wá ibi jókòó ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ìtàn táyà fún yín. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, bí olóògbé náà, Baba, ṣe ń sọ ọ́ ni gbogbo wọn sì ṣe mọ̀ ọ́n. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, ọ̀dọ̀ Faruk ló wà, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣe fọkanáísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ọdún méjìlá gbáko ni Faruk fi retí kí Baba dárúkọ òun nínú ìtàn náà, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kódà kó jẹ́ pé ó sín ni orúkọ náà fi jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, lọ́dún 2009. Baba gbé táyà mẹ́rin wá sí ṣọ́ọ̀bù Faruk láàárọ̀, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ìkókó, ó ní, "Alfa, bá mi wo àwọn wọ̀nyí. Ọ̀la ni mo fẹ́ lò wọ́n. Ó dìrọ̀lẹ́." Ó wọ ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Faruk kì í ṣe alfa o. Irùngbọ̀n ló ní, lọ́dọ̀ Baba, irùngbọ̀n sì ti tó.

Faruk tẹjú mọ́ táyà, kò rí ehín kankan lára wọn. Ó yí èkíní, ó yí èkejì, gbogbo wọn ń dán bí orí apárí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa á. Àánú Baba ṣe é. Ó ní, "Ha! Wọ́n ti lu bàbá olóore ní jìbìtì. Èyí tí wọ́n ti lò títí tó fi jẹ tán ni wọ́n tà fún un." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí fọkanáísà Port Harcourt bá rí táyà tí ehín rẹ̀ ti tán, kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìpàdé. Ó máa ki ọ̀bẹ bọ iná ni, kó gbẹ́ ehín tuntun sí i. Faruk ki ọ̀bẹ bọ iná. Àfi ìgbà tó lọ kí Jímọ̀, kò dìde nídìí iṣẹ́ náà títí ọjọ́ fi rọ̀. Nígbà tó dé orí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìfẹ́ tó ní sí Baba bò ó mọ́lẹ̀, ló bá fín ọnà sí i bíi ti ilẹ̀kùn ààfin.

Baba dé nírọ̀lẹ́. Ó ń fi ẹnu súfèé bọ̀. Súfèé náà kú sí i lẹ́nu.

"Alfa, kí lèyí?"

"Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́, Baba. Ẹ̀yin náà ẹ ti ṣe fún mi rí. Wọ́n rẹ́ yín jẹ níbi tí ẹ ti rà á, ṣùgbọ́n mo ti gbà yín sílẹ̀."

Baba jókòó sórí táyà àlòkù kan. "Faruk." Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti mọra, Baba ò pè é lórúkọ rí. "Faruk, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i."

"Ta ni wọ́n bí?"

"Táyà! Táyà ìdíje ni. Tuntun ni. Wọn kì í fi ehín sí i. Dídán tó ń dán yẹn ló fi ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bí àtè."

Faruk ronú sí i dáadáa. "Ẹ fẹ́ sọ pé ó ti pá látọjọ́ ìkómọ?"

Díákónì ni Baba, kò sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ ti àwọn táyà náà, ó ń fi ìka tọ ojú ọgbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá wọn kẹ́dùn.

Kí ẹ tó ṣàánú rẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọmọ Ìlá ni, ẹnjiníà ni nílé-iṣẹ́ epo, Rumuodara ló kọ́lé sí, Baba Àràmídé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Lọ́dún 2006 ló ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ pupa kan, ọkọ̀ eré, onílẹ̀kùn méjì. Ọkọ̀ náà sún mọ́lẹ̀ débi pé bí adìyẹ bá fẹ́ rí awakọ̀ rẹ̀, adìyẹ náà á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló tún ń gbé lọ sá eré ìje ní gbogbo Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún ló máa ń sá eré náà, lórí pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì, tí àwọn èèyàn ti gbin ẹ̀gẹ́ sí etí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí Baba ń wá táyà kan ṣoṣo tó máa dára nígboro, tó sì máa dára ní pápá. Ó ra èyí tó le. Ìyẹn ò jẹ bọ̀rọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n tó bá dé pápá, tí Baba bá ní kó yà sí ọ̀tún, ó máa ń kọ́kọ́ lọ síwájú lọ kí àwọn ará ibẹ̀ ni. Ó ra èyí tó rọ̀. Ìyẹn gbá ilẹ̀ pápá mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n oṣù méjì ló fi jẹ tán nígboro, kò sì sí ìṣó kan láti Rumuodara dé Rumuokoro tí kò fà mọ́ra. Lọ́jọ́ kan, Faruk yọ ìṣó mọ́kàndínlógún lára rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí kan.

Bí Baba bá sì fẹ́ yan táyà, ẹ sá fún un. Ó máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ra píà. Ó máa gbóòórùn rẹ̀. Ó máa ní kí ẹni tó ń tà á bọ́ bàtà, kó gun orí rẹ̀, kó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún gbé méjì wọ yàrá, ó ní òun fẹ́ sùn tì wọ́n kí òun lè mọ ìwà wọn.

"Baba Àràmídé," ìyàwó rẹ̀ ní, "èmi àti táyà yìí, ẹ mú ẹnì kan."

"Ìwọ, kí ló dé? Táyà ò tiẹ̀ han-run."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Baba fi sùn ní pálọ̀, òun àti táyà méjèèjì.

Faruk ló gbà á nímọ̀ràn. "Baba, ẹ jẹ́ kí ti ìgboro wà lọ́tọ̀, kí ti pápá wà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ò lè wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lọ gbá bọ́ọ̀lù."

"Mo ti wọ̀ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù rí. Gólù méjì ni mo gbá wọlé."

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ń tàn. "Alfa, mo ti dá a rò! Táyà ìgboro á wà lọ́tọ̀, ti pápá á wà lọ́tọ̀. Èmi nìkan ni mo jókòó tí mo rò ó o." Bó ṣe ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó nìyẹn tó kó táyà ìdíje mẹ́rin wá, táyà tí Faruk wá gbẹ́ ehín sí.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbẹ́ táyà, eré dé. Táyà ìgboro wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, Baba ì bá sì fi sá eré rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi odindi oṣù kan fọ́nnu fún Isaiah, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún náà, ọmọ Okrika tó ń ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, pé táyà tí ojú rẹ̀ ò rí rí ń bọ̀. Ojú ò jẹ́ kó lè padà. Faruk bá a de táyà gbígbẹ́ náà mọ́ ọkọ̀, wọ́n jọ lọ.

Isaiah yí ọkọ̀ pupa náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Táyà ìdíje ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀ náà, tirẹ̀ ń dán ni. "Engineer! Who use teeth chop your tyre?"

Baba ò fọhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ní Ìlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ní "One, two, go!" ni òjò dé. Òjò Port Harcourt ni o, èyí tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Omi bo ilẹ̀, táyà dídán ò rí ibi tí omi á gbà kọjá, gbogbo wọn bá ń léfòó. Ọkọ̀ kan kọjú sí ibi tó ti wá. Méjì ń wo ara wọn bíi tọkọtaya tó ń jà. Ìkẹrin wọ gọ́tà. Isaiah yí po lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gúnlẹ̀ sí àárín oko ẹ̀gẹ́. Ìyá olóko dìde dúró, ó fi ọkọ́ kan fèrèsé rẹ̀: "Oga, you wan buy cassava abi you wan park?"

Ehín tí Faruk gbẹ́ ń tú omi dànù lábẹ́ ọkọ̀ Baba ní tirẹ̀. Baba ò tilẹ̀ sáré. Ọ̀fọ̀ táyà rẹ̀ ló ń ṣe, ó rọra ń lọ bí ẹni tó tẹ̀lé pósí. Ó ti kọjá ìlà òpin eré tán kó tó wo ẹ̀yìn, tí kò rí ẹ̀dá alààyè kan.

Ló bá sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ rìn wá bá a, wọ́n rin gbindin. Isaiah di ewé ẹ̀gẹ́ mọ́rí. "Engineer, how you take know say rain go fall?"

Baba wo táyà. Ó wo Faruk. Ó wo ojú ọ̀run. Inú Faruk dùn, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó dúró dáadáa kí wọ́n lè rí òun.

"Na me tell am make e cut am," Baba wí.

Láti ọjọ́ náà ni ìtàn ti ń sanra. Lọ́dún kìíní, Baba ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tó máa fi di ọdún kẹta, ó ti ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà kó tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ó jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún karùn-ún, ìjọ dìde pàtẹ́wọ́, Faruk sì wà níta tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà pásítọ̀. Nígbà tó di ọdún kẹjọ, àwọn ará Japan ti kọ lẹ́tà sí Baba, ó kàn jẹ́ pé èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì mọ ibi tó fi lẹ́tà náà sí.

Lọ́jọ́ kan, Isaiah yọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ díńgí dúdú, ó fa fìlà bojú. Táyà ìdíje mẹ́rin ló gbé wá.

"Na for my brother," ó ní. "Cut am. Engineer design."

"Which Engineer? Na my design!"

Isaiah yọ díńgí kúrò lójú, ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Vulcanizer, fear God."

Faruk ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gba ilé Baba lọ ní Rumuodara. "Baba, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí n gbẹ́ táyà yẹn?"

Baba gbé ife tíì kalẹ̀. "Alfa, ìbéèrè kan ṣoṣo. Nígbà tí o ń gbẹ́ ẹ, ta ló wà lọ́kàn rẹ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó tán. Èmi ni mo rán ọ. Jókòó, ṣé o ti jẹun?"

Faruk jókòó, ó jẹ búrẹ́dì àti ẹyin mẹ́ta. Ó ti dé gáréèjì kó tó rántí pé ìjà ni òun bá lọ.

Baba kú lọ́dún 2021, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n to àga sí àgbàlá rẹ̀, àwọn èèyàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Ó kan táyà. Àràmídé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló di gbohùngbohùn mú: "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, abeg, ẹ wá sọ ìtàn táyà yẹn fún wa. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Faruk dìde. Látìgbà tó ti kúrò ní Rumuokoro láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti ń to ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lọ́kàn. Ọdún méjìlá rèé. Ẹni tó lè jiyàn ti lọ, gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo àgbàlá sì dákẹ́. Isaiah jókòó níwájú, irun rẹ̀ ti funfun, ó ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ìtàn tó mọ̀ látorí dé ìsàlẹ̀.

"Èmi..." Faruk wí. Ó dúró. Ó tún wí pé, "Èmi ni mo..." Ó wo Isaiah tó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni Baba rán," ó wí. "Ó dúró tì mí látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣì í gbẹ́, á gbá mi lórí, á ní, 'Alfa, wo ibí!' Ó gbé imú sókè, ó gbóòórùn atẹ́gùn, ó ní òjò á rọ̀ lọ́la ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Mo ní, 'Baba, ṣé ó dá yín lójú?' Ó ní, 'Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, kí n má parọ́.'"

Àgbàlá dàrú. Isaiah ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ ò sì lè sọ pé èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín rèé tàbí èyí tó jẹ́ ti ẹkún. Faruk padà sí àyè rẹ̀.

Màmá Àràmídé gbé àwo ìrẹsì wá fún un fúnra rẹ̀, ó fi ẹnu sí i létí.

"Lọ́jọ́ Ẹtì tí o gbẹ́ táyà yẹn, ó wọlé wá bá mi, ó ń sunkún. Ó ní Faruk ti pa òun."

Faruk wolẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí, Màmá?"

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó nu ojú rẹ̀, ó sì nu ojú Faruk náà mọ́ ọn. "Irọ́ tìrẹ tilẹ̀ dùn ju tirẹ̀ lọ. Jẹun, kó o tún un sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ dáadáa."